Kọ̀ǹpútà Àlòkù Mẹ́rìnlá fún Ẹ̀ka Tuntun

Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà

Lẹ́tà àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà fún wa dé láàárọ̀ yìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́rìnlá tí a ti béèrè fún láti oṣù Bélú kò ní dé kí ó tó di oṣù Ọ̀wàrà, wọn ò sì fọwọ́ sọ̀yà pé Ọ̀wàrà náà dájú. Wọ́n ní ṣíìpù, àwọn ègé pẹlẹbẹ tó jẹ́ ọpọlọ inú ẹ̀rọ, ló wọ́n káàkiri ayé. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò, àwọn tó ń ṣe fóònù, títí kan àwọn tó ń ṣe fíríìjì, gbogbo wọn ló tò sórí ìlà kan náà. Àwa onílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló wá wà nídìí ìlà.

Aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá wo ẹ̀ka tuntun wa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Igbe. Bí kò bá bá kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo tábìlì, kò ní fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí ó tó padà wá. Èèyàn mẹ́sàn-án ni mo fi ẹnu ara mi gbà síṣẹ́ fún ẹ̀ka yẹn. Alábẹ́rẹ́, obìnrin tí yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn, fi iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ nítorí mo sọ fún un pé ibi tiwa dájú.

Dókítà tó ni ilé iṣẹ́ pè wá jókòó. Akápò ní kí a ní kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa lọ sílé ná títí tuntun yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi títí di ọjọ́ kẹrìnlá, pé kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá á wà lórí tábìlì, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àlòkù. Dókítà wò mí, ó béèrè bóyá mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, ṣùgbọ́n n ó ti mọ̀ ọ́n kó tó di Ẹtì.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo pe ilé ìtajà mọ́kànlá. Orin kan náà ni gbogbo wọn kọ: kí n máa retí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò láti àárọ̀. Mo wọ bàtà òjò, mo gba àdúgbò àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ. Ìrìn jìnnà la fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àmọ́ ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Ara òde ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń nù. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan hàn mí tó ń dán bíi dígí, mo ní kí ó ṣí inú rẹ̀ fún mi. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi inú rẹ̀ ṣe, ṣebí ojú la fi ń mọ arẹwà. Mo dá a lóhùn pé n kò wá ìyàwó wá, mo sì jáde.

Ìkeje ni mo bá Aláàtúnṣe, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, awò ojú rẹ̀ ti sún wálẹ̀ dé ṣóńṣó imú. Ilé iṣẹ́ kan ló pààrọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀wọ́n tó dé, òun ló sì kó gbogbo rẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, irú kan náà, ọdún kan náà. Ó ń tú ọ̀kọ̀ọ̀kan palẹ̀, ó ń pààrọ̀ díìsìkì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá tẹ̀, àti fáànù, ó ń kun ọ̀dà tó ń fa ooru kúrò lára ṣíìpù. Lẹ́yìn náà ni yóò tan ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tọ̀sán tòru, láì pa á. Èyí tó bá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn di ohun tí à ń yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò. Èyí tó bá yè é, ó ń kọ gbogbo ohun tí ó ṣe fún un sórí ìwé pélébé kan, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nínú. Mo ka mẹ́ta nínú wọn. Fáànù: tuntun. Díìsìkì: tuntun. Bátìrì aago: ó ṣì dára.

Mo béèrè bóyá ó lè fún mi ní mẹ́tàdínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó yọ awò rẹ̀.

"Ẹ má lé mi ní ìléjù o. Ẹ̀rọ tó bá máa kú, ọwọ́ mi níbí ni kó kú sí. Kó má lọ kú sórí tábìlì yín."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹtì, 7

Ìpàdé. Akápò, tí a ń pè ní Ó-di-Tuntun lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ojú àpá ìkáṣọ ilé ìtajà kì í kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní àlòkù kì í ṣe ohun tí à ń gbé síwájú aláyẹ̀wò. Ó ní ta ló mọ àìsàn tó wà lára wọn. Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Owó kọ̀ǹpútà tuntun kan á ra mẹ́ta nínú àlòkù wọ̀nyí. Irú kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà ohun tó bá bàjẹ́ lára ọ̀kan, a ó yọ ti òmíràn fi dí i. Mẹ́rìnlá á wà lórí tábìlì, mẹ́ta á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù de ọjọ́ ìṣòro. Mẹ́rin tó ṣì tuntun jù lọ ní ẹ̀ka àgbà, n ó kó wọn lọ síbi àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le. Iṣẹ́ kíkọ orúkọ àti títẹ èsì, àlòkù á ṣe é láì mí gúlegúle.

Akápò béèrè pé àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni. Mo yìn ín nínú mi, n kò jẹ́ kó dé ẹnu. Mo ní díìsìkì tuntun ló wà nínú gbogbo wọn, pé Aláàtúnṣe fi ẹ̀rọ ìlunǹkan lu èyí àtijọ́ jálẹ̀, mo sì ti fi ìka mi bọ ihò náà. Dókítà fọwọ́ sí i.

Àìkú, 9

Mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún ọkọ mi nídìí tíì ni ìyá rẹ̀ dá sí i láti orí àga rẹ̀.

"Kí ló ṣe àlòkù? Èmi náà ńkọ́, ṣé tuntun ni mí? Ẹ ṣì ń kó ọmọ yín wá fún mi tọ́jú."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba ọ̀nà òdì lọ. Màmá fi kún un pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. N kò rí ibi tí èyí ti kan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A kì í bá Màmá jiyàn lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́rú, 19

Mẹ́fà dé, òjò sì bá wọn dé. A fi tapólì bò wọ́n gbé gun àtẹ̀gùn. Èyí tí mo kọ́kọ́ tàn kò jí, ọkàn mi fò sókè, àṣé wáyà ló dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí n má purọ́, mo wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí ojú mi.

Ẹtì, 21

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tí mo gbà ní kọ̀ǹpútà òun ń fà bí ìgbín. Mo yọ fóònù, mo ka àkókò rẹ̀ lójú ara rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún kí ó tó ṣí. Mo mú un lọ síbi èyí tó jẹ́ tuntun jù lọ ní ẹ̀ka àgbà: mẹ́tàdínlógún. Ó padà sí tábìlì rẹ̀. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀, inú mi ń dùn.

Alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àkísà wá, ó yọ gbogbo bébà orúkọ àwọn tó lo ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an.

Àbámẹ́ta, 29

Ó pé. Mẹ́rìnlá lórí tábìlì, mẹ́ta nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti ṣe òfin kan fún ẹ̀ka náà: tí iṣẹ́ bá ti parí lójoojúmọ́, kí a pa iná gbogbo ẹ̀rọ lára ògiri pátápátá. Iná ilé yẹn máa ń lọ sókè sódò, n kò sì fẹ́ kí nǹkan kan jó lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí. Èmi fúnra mi ni mo ń lọ láti tábìlì dé tábìlì.

Akápò yọjú, ó wò yíká, ó ní kò burú. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ó lè má ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Igbe

A ṣe ìdánrawò. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba ẹ̀jẹ̀ ara wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n tún pè é jáde. Kò sí èyí tó sọnù. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo sùn fọnfọn.

Ajé, 7

Alábẹ́rẹ́ wá bá mi, ó ní èsì tí òun tẹ̀ láàárọ̀ yìí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Mo rò pé àṣìṣe ọwọ́ ni. A wá a. A rí i nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kọ̀ǹpútà tò ó sí gẹ́gẹ́ bí èsì ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, nígbà tí kò sí ilé iṣẹ́ yìí rárá.

Mo lọ yíká. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá ló gbàgbọ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn la wà. A ò tíì so ẹ̀ka náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì títí ìwé àṣẹ yóò fi dé, nítorí náà kò sí aago ìta tí yóò tọ́ wọn sọ́nà.  Bí ó bá jẹ́ aláìsàn ni wọ́n ń dúró de èsì rẹ̀ ńkọ́, tí a wá sọ fún dókítà rẹ̀ pé kò sí?

Kí n tó dé ìsàlẹ̀, Akápò ti gbọ́. Ì bá ṣe pé ó pariwo, ì bá tù mí lára. Ó kàn ní òun á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Dókítà fún mi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bí n kò bá lè sọ ohun tó fà á, kí n sì fi dá a lójú pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, ó máa pe aláyẹ̀wò pé kó má wá mọ́.

Ìṣẹ́gun, 8

Aláàtúnṣe wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó ṣí ẹ̀rọ Alábẹ́rẹ́, ó ka ìwé pélébé tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀: bátìrì aago, ó ṣì dára. Ó wọn bátìrì náà, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Ó ti kú. Ó ṣí ìkejì, ó ti kú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo béèrè bí ó ṣe ń mọ̀ bóyá bátìrì dára. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta tí òun fi ń tan ẹ̀rọ, òun máa ń wo aago rẹ̀, kì í yẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, iná ń wọlé sára ẹ̀rọ láti ara ògiri, bátìrì kò ṣe nǹkan kan. Bí ó ti kú, bí ó ti yè, aago á máa lọ.

Ó wá gbójú sókè. "Ta ló ń pa iná lára ògiri níbí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Tí iná bá ti kúrò lára ògiri, bátìrì yẹn nìkan ló ń bá ẹ̀rọ rántí ọjọ́. Èyí tó ti darúgbó lè fara da alẹ́ kan. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì dé àárọ̀ Ajé ló pa wọ́n. Obìnrin kan kì í pa ẹ̀rọ rárá nítorí ó fẹ́ mọ̀ dájú. Obìnrin kejì kì í fi í sílẹ̀ láì pa nítorí ó fẹ́ kó pẹ́. Ìṣọ́ra méjèèjì ló pàdé lórí bátìrì yìí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Aláàtúnṣe kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́rú, 9

Bátìrì mẹ́tàdínlógún ni mo ń wá. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ní mẹ́rin láàárín gbogbo wọn, wọ́n sì pe iye tí n kò lè kọ síbí kí inú má tún bí mi. Alágogo tó ń tún aago ṣe nídìí ibùdókọ̀ ló gbà mí. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn láti mọ ìwúwo ara. Ó ní ogún, mo kó ogún. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ẹni méjì.

Aláàtúnṣe kọ̀ láti nìkan pààrọ̀ wọn. Ó fi àáké kọ́rí pé ẹni tó bá máa lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ inú rẹ̀. Báyìí ni àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣe kúnlẹ̀ nídìí tábìlì ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n ń tú ìdè, wọ́n ń yọ díìsìkì tó bo bátìrì mọ́lẹ̀, wọ́n ń dá a padà. Alábẹ́rẹ́ ló yá jù. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń wá iṣan nínú apá ọmọ ọwọ́, kí ni ìdè kan fẹ́ ṣe fún un?

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo lọ bá Dókítà, Akápò wà níbẹ̀. Mo lè sọ pé bátìrì ló kú kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni ì bá jẹ́. Mo ro ó láàárín àtẹ̀gùn kìíní àti ìkejì, mo sì rí i pé n kò ní lè wo ojú ara mi.

Mo ní, "Bátìrì kú lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣòfin pé ká máa pa iná lára ògiri. Mi ò bi ẹni tó tún wọn ṣe léèrè kí n tó ṣe é. Ẹ̀bi mi ni."

Dókítà ní kí ló kù. Mo ní a ó pa gbogbo iná láti ìrọ̀lẹ́ ọ̀la dé àárọ̀ Ajé, ẹnikẹ́ni kò ní wọlé. Bí aago kan ṣoṣo bá yẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kí ó pe aláyẹ̀wò kí ọkùnrin náà tó kúrò nílé. Akápò ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ wá, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé mo yọ́ wọlé lọ tún un ṣe. Ó bí mi nínú. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ì bá béèrè fún un.

Ẹtì, 11

Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dúró wò mí bí mo ṣe ń pa á, láti tábìlì dé tábìlì. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Akápò ti ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, 12

Mo fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé. Màmá béèrè bóyá a fẹ́ ta ilé ni.

Ajé, 14

Akápò ṣí ilẹ̀kùn ní aago méje. A bẹ̀rẹ̀ láti igun ọ̀tún. Ìkìíní: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Igbe, ìṣẹ́jú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Ìkẹta bẹ́ẹ̀. Akápò ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ wé e, ó ń fàmì sórí ìwé. Mẹ́tàlá ló pé láì yẹ̀.

Ìkẹrìnlá, tí ó jẹ́ ti Alábẹ́rẹ́, kò tàn rárá. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ìgbà náà gan-an ni aláyẹ̀wò wọlé, ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò, agbòjò rẹ̀ ń ro omi sílẹ̀.

Kí n tó gbẹ́sẹ̀, Alábẹ́rẹ́ ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé ọ̀kan nínú mẹ́ta jáde, ó tú ìdè ti tirẹ̀, ó yọ díìsìkì rẹ̀, ó fi í sínú èkejì, ó ki wáyà mẹ́rin bọ̀ ọ́.   Ẹ̀rọ náà tàn, àwọn èsì rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akápò ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Ìṣẹ́jú mẹ́fà."

Aláyẹ̀wò béèrè pé ṣé ohun tí a ń sọ fún òun ni pé tí ẹ̀rọ bá kú níbí, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni iṣẹ́ máa fi dúró. Mo ní tí ó bá pẹ́ jù, méje. Ó kọ̀wé títí. Ó ní kọ̀ǹpútà kan kú ní ọ́fíìsì tòun láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n ṣì ń retí tuntun. Ó wo gbogbo tábìlì, ó wo ibi tí a ń da abẹ́rẹ́ sí, ó lọ. Ó ní lẹ́tà á dé.

Ọjọ́bọ̀, 17

Wọ́n fọwọ́ sí i! Dókítà ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Akápò nawọ́ sí mi, mo gbà á. Mo pe Aláàtúnṣe. Ó ní ó dáa, pé òun ti ń fi bátìrì tuntun sínú gbogbo ẹ̀rọ báyìí, ó sì gé fóònù.

Ìṣẹ́gun, 22

A ṣí ẹ̀ka náà lónìí. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti dé ṣáájú mi. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wá kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí ẹni tó lọ láì gba èsì tàbí ọjọ́ tí yóò wá gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kọ kì í ṣe ìyẹn. Láàárọ̀, kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ aláyẹ̀wò. Ó ń to owú sórí àwo, kò gbójú sókè.

"Àǹtí, mi ò sọ fún yín. Ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ pè mí. Wọ́n ní àyè mi ṣì wà, kí n fèsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì."

Mo ní, "Ẹtì wo?"

"Ẹtì tí ẹ pa gbogbo iná." Ó to owú tó kù. "Mi ò pè wọ́n padà."

 Ọkùnrin àkọ́kọ́ ti wọlé, ó ti jókòó, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Alábẹ́rẹ́ yíjú sí i, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀.